Ẹni Tó Wẹ Ọmọ Wa

Mo ń di irun fún ọmọ mi ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan nígbà tí wọ́n wá sọ ọ́ fún mi. Ọmọ náà jókòó sórí àpótí kékeré láàárín ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa, ó ń sunkún díẹ̀díẹ̀ nítorí pé orí máa ń tètè dùn ún, èmi sì ń rọ̀ ọ́ pé kó fara dà á. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀. Omi ṣì dúró nínú ọgbà, wọ́n ti to búlọ́ọ̀kù láti ẹnu géètì dé ọ̀dọ̀ wa kí èèyàn lè rí ibi tẹ̀.

Mo rí ẹsẹ̀ ẹni tó ń bọ̀ lórí búlọ́ọ̀kù kí n tó rí ojú rẹ̀. Obìnrin tí yàrá rẹ̀ kan tiwa ni. Ó tó oṣù mẹ́jọ tí kò ti bá mi sọ̀rọ̀. Bí mo bá kí i, ògiri ló máa ń wò. Bí a bá pàdé nídìí ẹ̀rọ omi, á fa kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sẹ́yìn, á dúró títí n ó fi pọn tèmi tán.

"Màmá ti kú," ló wí.

Mi ò bi í pé Màmá wo. Ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo ilé wa ń pè bẹ́ẹ̀.

"Nígbà wo?"

"Wọ́n ní ó di ọjọ́ kẹta lónìí. Lọ́dọ̀ ìbátan wọn níbi tí wọ́n kó lọ. Wọ́n ti sin wọ́n."

Ó dúró díẹ̀ bíi pé ọ̀rọ̀ ṣì kù lẹ́nu rẹ̀, ó wá gba orí búlọ́ọ̀kù padà. Ọmọ mi gbé orí sókè.

"Màmi, ṣé Màmá wa ni?"

Mo ní kó tẹrí ba. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò mú irun mọ́. Ìdajì orí rẹ̀ ni mo dì lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe sùn.

Ọ̀nà Addo ni ilé wa wà, yàrá méjìlá tó kọjú síra, ẹ̀rọ omi kan, ilé ìwẹ̀ méjì. Ọkọ mi ń lẹ táìsì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé. Láti ìgbà tí iṣẹ́ ti pọ̀ lápá Ibeju-Lekki, ibẹ̀ ló ń sùn láti ọjọ́ Ajé títí di Sátidé, nítorí pé bí èèyàn bá ní òun ó máa lọ òun ó máa bọ̀ lójoojúmọ́, ojú ọ̀nà ni yóò ti lo ayé rẹ̀ tán. Èmi ń bá obìnrin kan tọ́jú ilé nínú ẹ̀sítéètì kan lápá Lekki, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Bí mo bá ń jáde, àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì máa ń tú báàgì mi wò. Ó ti mọ́ mi lára.

Màmá ń gbé yàrá tó sún mọ́ ilé ìwẹ̀. Ìjẹ̀bú ni wọ́n, àgbàlagbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń tẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì le. Kò sí ẹni tó mọ ọjọ́ tí wọ́n dé ilé náà, torí wọ́n ti wà níbẹ̀ kí gbogbo àwa tó dé. Iṣẹ́ wọn ni pé wọ́n ń wẹ ọmọ tuntun. Nígbà tí mo bímọ, ìyá mi kò lè wá láti Ọ̀ṣun nítorí orúnkún tó ń dùn ún. Ọjọ́ kejì tí mo ti ọsibítù dé, Màmá kàn ṣí aṣọ ẹnu ọ̀nà mi wọlé, báàfù wà lábẹ́ apá wọn.

"Ta ni yóò wẹ ọmọ yìí?"

"Èmi ni, mà."

"Ìwọ? Ìwọ tí o gbé e dání bí ẹni gbé ẹyin ẹlẹ́yin? Bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìyàwó."

Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n tẹ́ ọmọ mi sórí ojúgun wọn. Ọṣẹ dúdú, kànìnkànìn, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí wọ́n ti fi ìgúnpá dán wò. Wọ́n na apá ọmọ, wọ́n na ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ gbígbóná mọ orí rẹ̀. Ní gbogbo àkókò náà, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àlejò pàtàkì sọ̀rọ̀. "Ẹ kú ìrìn o. Ọ̀nà jìn, àbí? Ẹ má bínú, ilé ò fi bẹ́ẹ̀ tóbi, ṣùgbọ́n a ó tọ́jú yín." Mo bú sẹ́rìn-ín, ojú abẹ tí wọ́n gán fún mi sì fà mí, mo tún bú sẹ́kún. Oṣù mẹ́ta gbáko ni Màmá fi wẹ ọmọ mi, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Nígbà tí mo bi wọ́n pé kí ni kí n fi ṣe wọ́n lóore, wọ́n ní kí n má kàn gbàgbé láti máa kí àwọn láàárọ̀.

Ọdún márùn-ún ni obìnrin tí yàrá rẹ̀ kan tiwa fi wá ọmọ. Nígbà tó bí ọmọkùnrin, gbogbo ilé ló jó. Èmi náà ń wá ohun tí n ó fún un. Mo fa báàgì Gánà-mọ́sì-gò jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èyí tí mo kó aṣọ ìkókó ọmọ mi sí. Bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe ni mo ṣe: mo ti da káńfọ̀ sí i, àwọn hóró funfun tó ń lé aáyán àti kòkòrò. Mo tiẹ̀ da púpọ̀ sí i ni, torí aáyán ilé wa kò lójú tì. Fìlà, ìbọ̀sẹ̀, ṣáàlì, gbogbo rẹ̀ ṣì dà bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

Bó ṣe ṣí báàgì náà, òórùn káńfọ̀ gba yàrá kan. Ó gbé ṣáàlì bo imú, ó fà á símú dáadáa, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Òórùn ọmọ tuntun! Ọdún márùn-ún ni mo ti ń gbóòórùn ẹ̀ lára ọmọ ọlọ́mọ."

A jọ rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó ronú àtifọ̀ ọ́. Kí la fẹ́ fọ̀ lára aṣọ tó mọ́? Ó wọ̀ ọ́ fún ọmọ náà lójú ẹsẹ̀, ó fi ṣáàlì wé e, mo sì padà sí yàrá mi pẹ̀lú ìdùnnú pé mo ṣe ọmọ èèyàn lóore.

Màmá ló ń wẹ ọmọ náà. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n fi ìka tẹ imú rẹ̀, wọ́n gbé ìka kúrò, wọ́n wo bí awọ ibẹ̀ ṣe rí. Ní ọjọ́ kẹrin, èmi ni mo gbé omi gbígbóná wá fún wọn. Ojú ọmọ náà ti pupa rúsúrúsú, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ pàápàá ti ń pupa. Ìyá ọmọ náà wà níbẹ̀, ìyàwó kíátékà tó ń bójú tó ilé náà wà níbẹ̀. Ìyàwó kíátékà yìí bí ọmọ mẹ́ta, kò sì sí ọ̀rọ̀ ọmọ tó ń kọjá lára rẹ̀.

"Ìbà pọ́njú lásán ni," ló wí. "Ẹ máa gbé e sínú oòrùn àárọ̀, ẹ fún un ní omi gulukóòsì. Tèmi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣe bẹ́ẹ̀, ṣé wọn ò sí níta yẹn tí wọ́n ń bá mi ya ilé ni?"

Màmá kò gbé ojú sókè. Wọ́n ń nu ọmọ náà lára. "Eléyìí kì í ṣe ti oòrùn. Kò fẹ́ mu ọmú mọ́, ó ń sùn jù." Wọ́n wá wo ìyá rẹ̀ lójú. "Ìyàwó, bí ẹ ò bá gbé ọmọ yìí lọ sí ọsibítù lónìí, ẹ ó pàdánù rẹ̀."

Ẹ mọ̀ pé a kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ọmọ ìkókó. Ọmọ tí kò tíì gba orúkọ, tí ẹnu àgbà lè tì padà. Ìyá ọmọ náà gbá ọwọ́ mọ́ àyà.

"Ha, Màmá! Ẹ gbé e mì! Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì!"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́," ni ìyàwó kíátékà wí, ó sì ta ìka sẹ́yìn orí.

Màmá ní, "Mo ti sọ ọ́. Ẹ gbé e lọ." Wọ́n da omi inú báàfù nù, wọ́n lọ.

Èmi ńkọ́? Ọmọ tèmi wà láàyè nítorí ọwọ́ yẹn. Mo rí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ náà. Mo gbọ́ ohun tí Màmá sọ, mo sì mọ̀ nínú mi pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n mo gbé kẹ́tùlù mi, mo ní kí n lọ wo iná tí mo dá sílẹ̀.

Wọ́n ń sá ọmọ náà sí oòrùn láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún àti ìkẹfà. Ní ọjọ́ keje, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké ní ohùn kan tó dá yàtọ̀, ohùn tó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń tẹ̀ sẹ́yìn bí ọrun. Bàbá rẹ̀ gbé e sáré wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Ọ̀sán ni wọ́n padà dé. Mo rí bàbá náà bó ṣe sọ̀ kalẹ̀, ó gbé òkú ọmọ náà mọ́ àyà nínú ṣáàlì tí mo fún wọn, kò sì sí ìdí mọ́ láti rọra gbé e.

Ọjọ́ kejì ni ìkómọ ìbá jẹ́. Oyin ti wà nílé, àga tí wọ́n háyà ti wà lẹ́nu géètì. Wọ́n wá kó o padà. Àwọn àgbà ìdílé ọkọ rẹ̀ sọ fún un lórí fóònù pé kó má sunkún púpọ̀, kí èyí tó ń bọ̀ má baà bẹ̀rù. Nítorí náà, inú ìrọ̀rí ló ń sunkún sí. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa, mo ń gbọ́ ọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta tí ó kú, ìyẹn ọjọ́ Ajé, kíátékà pe gbogbo ilé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n gbé àga kan fún Màmá láàárín, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fá orí fún. Ìyàwó kíátékà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ẹnu ara wọn ni wọ́n fi sọ ọ́. Mo wà níbẹ̀. Ìyá ọmọ wà níbẹ̀." Ó yí ojú sí mi. "Àǹtí yìí náà wà níbẹ̀. Ṣé wọn ò sọ ọ́ ni?"

Gbogbo ojú wá sọ́dọ̀ mi. Mo ní, "Wọ́n sọ ọ́."

Ohun tí mo sọ nìyẹn, kò sì sí irọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo yọ ọsibítù kúrò nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni mo sọ, mo sì fi ìdajì òótọ́ lé ìyá tó wẹ ọmọ mi lọ́wọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, kálukú rí nǹkan rántí. Ẹnì kan ní Màmá máa ń dá sọ̀rọ̀. Ẹnì kan ní oyún òun wálẹ̀ lọ́dún tó kọjá lẹ́yìn tí Màmá kí òun. Ọkùnrin kan tí kò tíì pé oṣù méjì nílé náà bú wọn láti ẹ̀yìn.

"Ọmọ tiyín dà, ìyá? Ẹ ń wẹ ọmọ ọlọ́mọ kiri, tiyín dà?"

Màmá bí ọmọbìnrin kan rí. Àwa obìnrin mọ̀ pé ó ti kú tipẹ́. Màmá wo ọkùnrin náà, wọ́n ní, "Ó wà níbi tí ọmọ wọn yìí náà wà. Bóyá òun ló ń wẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún."

Ìyá ọmọ náà ké tòò, àwọn ará ilé sì ń sọ pé ẹ gbọ́, ẹ gbọ́, ó jẹ́wọ́. Kíátékà gbé ọwọ́ sókè. Ó ní òun ò fẹ́ ariwo, kí ẹni tó bá fẹ́ kí Màmá kó jáde kó na ọwọ́.

Mo ti sọ fún ara mi pé bí n ó bá kọ èyí sílẹ̀, n kò ní bo ara mi láṣìírí. Ọwọ́ mi gòkè. Kò gòkè tán, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi bíi pé mo fẹ́ họ irun, ṣùgbọ́n ó gòkè, wọ́n sì kà á mọ́ tiwọn. Màmá ń wo ọwọ́ náà. Wọn ò wo ojú mi. Wọ́n fún Màmá di Sátidé.

Ní Ọjọ́rú, mo ń lọ aṣọ nílé obìnrin tí mò ń bá ṣiṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ni, ọjọ́ náà kò lọ síbi iṣẹ́. Ó bá mi tí omijé ń dà sórí áyọ́ọ̀nù. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ dé òpin, ó wá bi mí ní ìbéèrè tí n kò retí.

"Aṣọ wo ni wọ́n wọ̀ fún un?"

"Tèmi ni, mà. Ti ọmọ mi."

"Ṣé káńfọ̀ wà níbi tí ẹ kó o sí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo tiẹ̀ sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ kó mọ̀ pé mo tọ́jú nǹkan. Ó jókòó. Ó ní àwọn ọmọ kan wà, pàápàá àwọn ọkùnrin, tí ẹ̀jẹ̀ wọn ò gba káńfọ̀. Bí wọ́n bá ń fa òórùn rẹ̀ símú, tí aṣọ tó gbé e ń kan ara wọn, ẹ̀jẹ̀ á máa bàjẹ́ nínú wọn, ara wọn á pọ́n, á sì lọ bá ọpọlọ. Oòrùn kì í wo ìyẹn. Ọsibítù nìkan ni, kíákíá.

"Mi ò rí ọmọ náà, mi ò lè búra pé òun ló pa á," ó ní. "Ṣùgbọ́n ìyá yẹn sọ òótọ́ fún yín. Ká ní ẹ gbé e wá lọ́jọ́ tí ìyá yẹn sọ, ó ṣeé ṣe kó yè."

N kò mọ bí mo ṣe délé. Mo pe ọkọ mi. Ariwo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé táìsì ń ké lẹ́yìn rẹ̀, ó ní kí n dúró, ó jáde síta.

"Ta ló mọ̀ pé aṣọ tìẹ ni?" ló kọ́kọ́ bi mí.

"Ìyá ọmọ náà mọ̀."

"Ṣé ó mọ̀ pé káńfọ̀ ló fà á?"

"Rárá."

"Jọ̀ọ́, má dá sí i. Jọ̀ọ́. Àlejò ni wá níbẹ̀. Ìyá yẹn ti ń lọ, ọmọ ò sì ní jí. Bí o bá la ẹnu, ìwọ ni wọ́n máa yí sí."

Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, mo mọ̀. Mo sì gbọ́ tirẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo gbọ́ tirẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, mo gbọ́ tirẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Màmá ń di ẹrù. Bí mo bá gba ẹnu ọ̀nà wọn kọjá sí ilé ìwẹ̀, mo máa ń rìn kíákíá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n dáhùn, wọ́n bi mí pé ọmọ mi ńkọ́.

Sátidé, ìbátan Màmá kan gbé ọkọ̀ akẹ́rù kékeré wá. Gbogbo ilé jáde wá wòran, bí ìgbà tí wọ́n ń wo ẹni tí wọ́n mú. Matírẹ́ẹ̀sì ti wà nínú ọkọ̀, àpótí aṣọ ti wà níbẹ̀, báàfù ni wọ́n dojú rẹ̀ dé sórí gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo rí báàfù náà, ẹnu mi là fúnra rẹ̀.

Mo ní, "Màmá kọ́. Ẹ dúró. Màmá kọ́."

Mo ní wọn ò ṣépè. Mo ní ọsibítù ni wọ́n ní ká gbé ọmọ lọ, pé mo wà níbẹ̀, pé mo gbọ́, pé gbogbo àwa tí a wà níbẹ̀ la gbọ́. Mo wá sọ ti káńfọ̀. Mo sọ pé aṣọ mi ni, báàgì mi ni, ọwọ́ mi ló dà á sí i.

Ẹ̀rín ni ìyàwó kíátékà kọ́kọ́ rín.

"Káńfọ̀! Ẹ gbọ́ mi o! Ta ni kì í lo káńfọ̀ nínú wa? Ọmọ ta ló kú? Àwọn tèmi ńkọ́, ṣé omi ni mo fi tọ́jú aṣọ wọn?" Ó sún mọ́ mi. "Ṣebí ìwọ náà na ọwọ́ lọ́jọ́sí? Àbí ọwọ́ tó ń rìn kiri láìlólúwa ni mo rí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ló sọ.

Ẹnì kan ní Màmá ti fi nǹkan sí mi lára nígbà tí wọ́n ń wẹ ọmọ mi. Ẹnì kan ní kí wọ́n jẹ́ kí n bá Màmá lọ. Ìyá ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wò mí. Ó yí padà wọlé, ó pẹ́ díẹ̀, ó sì jáde pẹ̀lú gbogbo aṣọ náà lọ́wọ́. Ó dà á sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi, sínú ẹrọ̀fọ̀. Fìlà, ìbọ̀sẹ̀, ṣáàlì. Láti ọjọ́ náà ni kò ti bá mi sọ̀rọ̀.

Màmá ló wá fọwọ́ kàn mí léjìká. "Ó tó, ìyàwó. Mo gbọ́ ẹ. Wọlé." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fọwọ́ pa ọmọ mi lẹ́rẹ̀kẹ́, wọ́n sì gun ọkọ̀. N kò rí ẹnì kankan tó juwọ́ sí wọn, àfi ọmọ mi.

Àwọn oṣù tó tẹ̀lé e, n kò ní pariwo nípa wọn. Àwọn ará ilé fa àwọn ọmọ wọn sẹ́yìn lọ́dọ̀ ọmọ mi. Ó ń dá ṣeré pẹ̀lú ìdérí kẹ́ẹ̀gì. Ọkọ mi bínú fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ó ní, "O ti sọ ọ́ ná," kò sì tún mẹ́nu bà á.

Mo lọ wo Màmá lẹ́ẹ̀kan, lọ́hùn-ún lápá Ibeju-Lekki. Wọ́n ti rù. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ wọn wà lórí itan láìṣe nǹkan kan. Obìnrin kan láti àdúgbò wa ń ṣiṣẹ́ nítòsí ibẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti ṣáájú wọn dé. Kò sí ẹni tó gbé ọmọ fún wọn wẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ìyàwó ìbátan àwọn pàápàá bímọ nínú ilé náà, ó lọ wá ẹlòmíràn.

Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n dárí jì mí nítorí ọwọ́ tí mo nà, àti nítorí káńfọ̀.

"Dìde ńlẹ̀ yẹn." Wọ́n fà mí lọ́wọ́ dìde. "Èmi náà gbóòórùn káńfọ̀ yẹn. Lójoojúmọ́ tí mo bá ń bọ́ aṣọ lọ́rùn ọmọ náà, ó ń ta sí mi nímú. Òórùn dáadáa ni mo pè é. Má dá nìkan gbé e."

Mo ní n ó tún wá. Iṣẹ́ pọ̀, ọ̀nà jìn, òjò dé. N kò tún lọ mọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tí ìròyìn ikú wọn dé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún. Ìyàwó kíátékà ń sọ pé kò sí èèyàn bíi Màmá, pé ọwọ́ wọn tutù lára ọmọ. Ìyá ọmọ náà wá jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Oyún rẹ̀ ti ń hàn díẹ̀ lábẹ́ ìró.

"Mo gbọ́ ọ," ló wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ. "Lọ́jọ́ yẹn. Mo gbọ́ ibi tí wọ́n ti sọ ọsibítù. Mo mọ̀ pé wọ́n sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe Màmá, èmi ni, àbí? Èmi tí mi ò gbé e lọ."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nígbà tó fẹ́ dìde, ó ní, "Ta ló máa wá wẹ èyí?"

Nígbà tó lọ tán, ọmọ mi wá gbé orí rẹ̀ tí mo dì ní ìdajì lé mi lẹ́sẹ̀. Ó ti gbọ́ gbogbo ohun tí àwọn àgbà ń sọ.

"Màmi, àwọn ọmọ ilé máa ń sọ pé àjẹ́ ni Màmá. Ṣé òótọ́ ni?"

"Irọ́ ni."

"Ta ló wá pa ọmọ yẹn?"

"Àìmọ̀kan wa ni. Èmi wà nínú ẹ̀. Màmá nìkan ló sọ ohun tó yẹ ká ṣe, ohun náà ni wọ́n sì fi lé wọn jáde."

"Ìgbà tí ẹ sọ ọ́ fún wọn, ṣé wọ́n bá yín jà?"

"Wọ́n bá mi jà."

"Ṣé torí ẹ̀ ni wọn kì í jẹ́ kí n bá wọn ṣeré?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, torí ẹ̀ ni, kó má bínú sí mi. Mo ní, "Bí ojú ẹ bá rí nǹkan, tí gbogbo èèyàn sì ń sọ nǹkan mìíràn, sọ èyí tí ojú ẹ rí. Wọ́n á bá ẹ jà, ó sì máa dùn ẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí o bá rí i gan-an ni kó o sọ ọ́, ọmọ mi. Èmi dúró di Sátidé."